Ẹrù Tí A Ò Tíì Tú

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà, fóònù ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Fídíò kan ló ń wò: àwọn èèyàn kan ń wọ́de nígboro Accra, wọ́n gbé páálí sókè, wọ́n ní kí àwọn ará Nàìjíríà máa lọ sílé wọn. Ó wò ó tán, ó tún un wò, ó wá gbójú sókè.

"Bàbá àgbà, ṣé ká máa dẹrù ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò kọjá eyín. Ọmọ Gánà ni ìyá ọmọ yìí, ọmọ Gánà ni bàbá rẹ̀. Ìyá tó bí èmi fúnra mi, Gã ni, ọmọ Bukom, ẹja ni wọ́n ń yan tà. Ìwé wa pé. Ta ló wá kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé bí ariwo bá ti sọ lójú pópó, okùn ni kéèyàn máa wá láti fi dẹrù?

Èmi ni. N ò fẹnu kọ́ ọ, àmọ́ èmi ni. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní Lagos Town yìí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà bíi tèmi, tẹ́ ẹ rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ìjọba sọ̀rọ̀ nígbà náà, wọ́n ní kò sẹ́ni tí àwọn máa lé, ariwo sì rọlẹ̀. Mo gba ọjà Malata kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin wa ń wọn gàrí, wọ́n ń dúnàádúrà lórí ẹja gbígbẹ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni kò rọlẹ̀ nínú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí lọ́dún 1969. Lagos Town là ń pe ibí nígbà náà. Lónìí, bẹ́ ẹ bá dúró ní Circle tẹ́ ẹ ní Lagos Town lẹ̀ ń lọ, méètì tròtrò á kàn máa wò yín ni. New Town lòun ń pè. Àwa arúgbó díẹ̀ ló kù tá a ṣì ń pe orúkọ àtijọ́. Ojúlé kan, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́. Ojúlé kejì, àwọn ará Ọ̀fà. Ẹ wọ kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìnísà, Ṣakí, Ìlọrin. Alata lorúkọ tí wọ́n ń pè wá. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi í wẹ̀ ò bi ara wọn léèrè ta ni Alata.

Ará Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, páàtì kẹ̀kẹ́ ló ń tà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àga, gbé àṣẹ jáde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, tó kọ́lé síbí, tó bímọ síbí, tó sin òbí rẹ̀ síbí. Ẹni tó bá rántí Malata àti Makola lọ́sẹ̀ méjì yẹn, kò ní gbàgbé láé. Bẹ́ẹ̀dì ń lọ lówó tí kò tó ti oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ṣéènì àti pẹ́dà kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi tò bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀, kò tilẹ̀ kà á. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò láti Ogbómọ̀ṣọ́ fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ káàkiri Gánà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣófo kí Kérésì tó dé.

Èmi àti ìyá mi ò lọ, nítorí tiwa ni Bukom. Bàbá mi lọ. Pọ́tímáńtò méjì ló dì. Ó gbé ọ̀kan sórí lọ́rì, ó fi ìkejì sílẹ̀, ó ní òun ń padà bọ̀ wá mú un. Kó tó gun ọkọ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún mi. Ó ní kí n má bá wọn dá sí òṣèlú. Ó ní kí n má forúkọ mi sínú ìwé tí n kò mọ ìdí ẹ̀. Ó ní kí owó mi má jìnnà sí mi débi pé n kò ní lè nawọ́ mú un lóru.

Kò padà wá mọ́. Ogbómọ̀ṣọ́ ló kú sí lọ́dún 1991. Pọ́tímáńtò yẹn wà ní yàrá mi bí mo ṣe ń kọ èyí, okùn tó fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá mi ò tú u títí ó fi kú, èmi náà ò tú u. Ọmọ ọmọ mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹwàá ohun tó wà nínú rẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n má ṣe é bí ẹni pé àwa nìkan ni wọ́n ṣe. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Ibẹ̀ ni àpò aláràbarà yẹn ti gba orúkọ Ghana Must Go. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mo rí wọn nígbà tí wọ́n dé: ọ̀dá ń mú, iná ń jó oko, ebi débi pé egungun ọrùn tó yọ lára èèyàn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings, olórí ìjọba Gánà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ Yorùbá sí mi láti ojú fèrèsé, Yorùbá Mushin àti ti Agége tó já gaara ju tèmi lọ. Àwọn náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ bàbá mi. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti Yorùbá tàbí ti Gã, ti ẹni tí wọ́n bá ti lé rí ni.

Fèrèsé tí mò ń wí yìí, fèrèsé káàdì ni, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nínú Accra yìí. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí láti 1979 di 2014 tí mo pé ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Èmi ni ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ rí, tó máa béèrè orúkọ àti ọjọ́ orí yín, tó máa wá fódà yín lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú, kó lọ jókòó sí fèrèsé káàdì fún ọdún márùndínlógójì.

Lọ́dún 1985 ni òfin owó ilé ìwòsàn dé, ohun tí gbogbo èèyàn wá ń pè ní "cash and carry" sì tẹ̀ lé e. Sanwó, kó o tó gbà. Kò sówó, kò sí ìbọ̀wọ́ tí dókítà máa fi yẹ̀ ọ́ wò. Mo ti rí obìnrin tó bímọ ní àlàáfíà, tí wọ́n ní kó má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí ọkọ rẹ̀ máa fi rówó wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Ó ń bá wọn gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, ọmọ lẹ́yìn. Láràárọ̀ ló máa ń wá kí mi ní fèrèsé, "Ẹ káàárọ̀ sà," nítorí ó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, òun náà sì jẹ́ ọmọ Ìnísà tí wọ́n bí sí Kumasi. Mò ń dá a lóhùn. N kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní owó díẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí nílé, níbi tí mo ti lè nawọ́ mú un lóru, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti wí.

Nígbà tí ìjọba Kufuor ṣòfin adójútòfò ìlera lọ́dún 2003, àwa tó wà lẹ́nu fèrèsé la kọ́kọ́ kùn. Iṣẹ́ pọ̀ sí i fún wa. Àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, mo rí i tí ìlà tó wà níwájú mi ń yí padà. Àwọn arúgbó tí wọn kì í wá tẹ́lẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti ń kú lọ, wọ́n ń wá nígbà tí ẹsẹ̀ kàn ń dùn wọ́n. Lọ́dún 2008 tí wọ́n yọ̀ǹda aláboyún kúrò nínú owó sísan, àwọn aboyún kún ìta dé abẹ́ igi. Ariwo wọn pọ̀, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí bẹ́ǹṣì. Inú mi ń dùn sí ìjà yẹn.

Kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní káàdì ìlera tí a kò mọ ìdí ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́dì ọjà tí owó ìjọba wà lórí rẹ̀, sẹ́dì méjì ààbọ̀ jẹ́ ti ìlera. Ẹni tó ń gba owó oṣù, wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó SSNIT rẹ̀, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, bí aránṣọ, oníṣòwò, mẹkáníìkì, á san owó ìdá lọ́dọọdún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹni tó ti pé àádọ́rin, aláboyún àti afẹ̀yìntì SSNIT bíi tèmi, a kì í san owó ìdá. Ọdọọdún sì ni káàdì ń kú tí èèyàn gbọ́dọ̀ jí i. Láti ìparí 2018, èèyàn lè tẹ *929# lórí fóònù kó fi owó mọ́mó jí i, láìdìde lórí àga.

Káàdì yẹn kì í ṣe ti áńgẹ́lì. Mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Irú mẹ́rin ni dókítà kọ. Méjì ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n lọ ra méjì yòókù níta. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọdún gbọọrọ ni káàdì fi wò ó níran. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo ṣì ń sọ pé ẹni tó bá rí obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, ọmọ lẹ́yìn, kò ní fi káàdì náà ṣẹ̀sín.

Akọ́bí mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe ní Circle. Géńdé ni, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká, kì í ṣàìsàn. Nígbà kan lọ́dún 2022, inú rùn ún lóru, ó ń yí nílẹ̀. Wọ́n ní àpẹ́ńdíìsì ni, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ mú káàdì wá. Ó mú un wá. Káàdì náà ń dán gbinrin nínú nọ́rà rẹ̀, ó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó jókòó sí fèrèsé yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbójú sókè wò mí. Èmi ni mo kọ́ ọmọbìnrin yẹn níṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà?"

Nílé ìwòsàn yẹn náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èèyàn láago. Àbúrò rẹ̀ mú wá, ìjọ mú wá, àwọn ọmọ bàbá mi ní Ogbómọ̀ṣọ́ fi náírà ránṣẹ́, ẹni tó ń bá wa ṣẹ́ owó jẹ nínú rẹ̀. Ó yè. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo bá a wí. Mo sọ̀rọ̀, mo fi òwe sí i. Ó dákẹ́ gbọ́ mi tán, kò gbójú sókè, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó wá ní:

"Dádì, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má forúkọ mi sínú ìwé tí n kò mọ ìdí ẹ̀."

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ṣe ohun tí a kọ́ ọ, báwo la ṣe ń nà án?

Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé n ò kọ́ wọn ní ìmẹ́lẹ́, n ò kọ́ wọn ní olè. Wọ́n ń kí àgbà. Wọn kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan, èyí tí Gã àti Yorùbá jọ kórìíra. Gbogbo ohun tí èèyàn ń pè ní ẹ̀kọ́ ilé lójú ọ̀nà, mo fún wọn. Àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, mo kọ́ wọn pé ohun tó bá ti jẹ́ ti gbogbo ìlú, ti wa kọ́. Àlejò ni wá, ká máa wojú. Ká má da owó wa pọ̀ mọ́ ti ẹni tí a kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, kí ni adójútòfò bí kò ṣe ká da owó pọ̀ mọ́ ti ẹni tí a kò mọ̀?

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé èésú ni, pé Yorùbá ti ń ṣe é kó tó di pé òyìnbó dé. Kì í ṣe èésú. Èésú, bó pẹ́ bó yá, owó rẹ yóò yí kàn ọ́. Èyí, o lè dá a fún ogójì ọdún kí o má ṣàìsàn kan, kó jẹ́ ọmọ ẹni tó ń pè ọ́ ní àjèjì ni owó rẹ ra oògùn ibà fún. Ibẹ̀ ló ti ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó jọ ọ́ jù ni owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dá nígbà ayé bàbá mi: bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣubú àìsàn, wọ́n á san owó lọ́rì tó máa gbé e délé, àwọn tí owó náà kò kàn rí kì í béèrè rẹ̀ padà. A mọ̀ ọ́n ṣe fún ara wa. Ará ibòmíràn ni a kò kọ́ ọwọ́ wa láti ṣe é fún.

Ẹ sì wo ohun tí à ń náwó lé. Bí ẹnì kan bá kú ní Lagos Town, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń ṣètò ọ̀sẹ̀ kan rẹ̀. Ẹ ó rí àga olówó iyebíye, tẹ́ǹtì, fọ́tò rẹ̀ tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, aṣọ pupa àti dúdú. Àwa Yorùbá tó wà láàárín wọn, a ti fi aṣọ ẹbí tiwa kún un. Mo lọ sí irú ẹ̀ kan tí wọ́n dá owó aṣọ láàárín ọjọ́ méjì péré. Olóògbé náà, oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni kò rí rà. Mo jẹ wáákye wọn. Ó dùn. N kò purọ́.

Nípa òṣèlú, mo ti dìbò nígbà gbogbo láti 1992, n kò sì sọ ẹni tí mo dìbò fún rí, ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Nílé wa, bí wọ́n bá ti mẹ́nu kan erin tàbí agboòrùn, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì, màá ní kí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n sí ibòmíràn. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Àmọ́ ẹ wo owó ìlera yẹn. Láti 2017, ìjọba fi òfin pàlà sí iye owó tó lè dé ọ̀dọ̀ irú àpò bẹ́ẹ̀, èyí tó kù di ti ìjọba láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ọdún 2025 ni wọ́n tó tú u. Ọdún méje ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí à ń san sẹ́dì méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ní orúkọ ìlera, tí gbogbo rẹ̀ kò dé ibi tí a rán an. Èmi tí mo jókòó sí fèrèsé káàdì fún ọdún márùndínlógójì, n kò mọ̀. Ọmọbìnrin mi, tíṣà ni, òun ló là mí lọ́yẹ̀. Erin ló ṣòfin káàdì, erin kan náà ló fi òfin pàlà sí owó rẹ̀, agboòrùn ló tú u. Ọ̀la, ta ni yóò tún dè é? Ẹni tó bá ní òun ò dá sí òṣèlú, á gbọ́ nípa rẹ̀ ní ojú fèrèsé oògùn.

Ọmọbìnrin mi yìí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ bàbá mi rárá. N kò mọ bó ṣe ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́yìn tí ọ̀wọ́n gógó ti gun 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá tó ṣáájú, tí ìjọba sì fẹ́ yí àdéhùn bọ́ǹdì tí àwọn èèyàn ti rà padà, àwọn afẹ̀yìntì lọ jókòó sí iwájú ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná. Arúgbó bíi tèmi, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọ̀pá. Lọ́jọ́ kan, Sophia Akuffo, ẹni tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà fún orílẹ̀-èdè yìí, wá bá wọn níbẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láìfi bò. Nígbẹ̀yìn, ìjọba yọ àwọn afẹ̀yìntì kúrò nínú ètò náà. Èmi ò ní bọ́ǹdì kankan. Ẹ ti mọ ibi tí owó mi máa ń wà. A jọ ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Ọmọbìnrin mi wò mí, ó ní, "Dádì, tó bá jẹ́ pé ẹ ní bọ́ǹdì, ṣé ẹ̀ bá ti lọ?"

Mo ní kó bá mi gbé omi wá. Èmi àti ẹ̀yin la mọ ìdáhùn.

Ọkọ ọmọbìnrin yìí ni mo kọ́kọ́ bá jà nípa ayé tuntun. Ewe ni. Ó ń dáná. Ó ń wẹ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ ọmọ mi yìí, mo dé ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń fọ aṣọ ìlédìí lẹ́yìnkùlé, tó ń súfèé. Mo padà sílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ ọmọ náà. Ìyàwó mi ní, "Kí wọ́n bá mi fi díẹ̀ sí tiyín." Ọdún mẹ́sàn-án rèé, mo ti rí i pé ilé yẹn tutù ju ilé tí èmi kọ́ lọ. Ọkùnrin náà ló ń jí káàdì gbogbo wọn. Ó ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú fóònù, ó ń dún gbinrin bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti tẹ́wọ́ gba gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá kí mi ní "Hi" láìyọ nǹkan tó kì bọ etí, màá pè é padà, kó tún un kí. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń pe ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ lórúkọ, n kò lè gbà á. Ọmọbìnrin mi ní kò burú, ní ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mo ní ibi iṣẹ́ kọ́ nìyí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì tún jà. Ẹgba, mo ti fi sílẹ̀ ní tèmi. Nílé ìwé, wọ́n ti ní kí tíṣà má nà wọ́n mọ́. Nílé, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkàn mi wá gbà. Kì í ṣe ìwà rere, àgbà ni.

Àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lógún ju kíkí lọ ni pé a fi kíkí ṣe gbogbo ẹ̀kọ́. Obìnrin ọmọ Ìnísà yẹn ń kí mi láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń jẹ́ ẹ ní "Káàárọ̀, ọmọ mi." Àwa méjèèjì lẹ́kọ̀ọ́. Ilé ni owó wà.

Àwọn àbúrò mi ní Ogbómọ̀ṣọ́ ń sọ fún mi pé Nàìjíríà náà ti ṣòfin lọ́dún 2022 pé kí gbogbo ará ìlú ní adójútòfò ìlera. Mo bi wọ́n léèrè ta ló ní nínú wọn. Ẹnì kan ní, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Àwọn yòókù ní àwọn ò mọ ìdí ìwé náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn bàbá mi nínú fóònù.

N kò bá bàbá mi jà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni ì bá kọ́ ọmọ rẹ̀? Èmi tí wọn ò lé, tí mo gbé ẹ̀kọ́ ẹni tí wọ́n lé wọ ilé ara mi, tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta tí ilẹ̀ yìí jẹ́ tiwọn, èmi ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi bi mí lọ́jọ́ yẹn bóyá ká máa dẹrù, mo ní, "Rárá o. Ilé wa nìyí." Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi di ti yàrá yín?" Ìyá rẹ̀ pè é wọlé ṣáájú kí n tó rí nǹkan sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé àwa òbí ti oṣù yìí, ọ̀dọ̀ mi la ó ti ṣe é, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Kí oníkálukú mú fóònù rẹ̀ wá, kí owó mọ́mó díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó sì mú Gánà Káàdì rẹ̀ dání. Ẹni tí káàdì ìlera rẹ̀ ti kú, kó mú un wá bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ti ọmọ mi kú fún ọdún mẹ́ta níṣojú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún, ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ ìbí wọn sí ìwé kí ẹ tó dé, kí a má máa bi ara wa léèrè níbẹ̀ bóyá ọdún ìyàn ni tàbí ọdún òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti ilé lẹ́nu àìpẹ́, tí ìwé yín kò tíì pé, ẹ wá náà, ọmọbìnrin mi máa wà níbẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń béèrè. Èmi ni màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti kọ orúkọ, bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tábìlì mi ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀, àmọ́ mo ti ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi wọ́ pọ́tímáńtò yẹn jáde. Ó ga tó, ó sì le. Màá fi aṣọ bo okùn rẹ̀.